Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Àwọn Ìwé Tí Bíbélì Tọ́ka Sí

Ẹ̀yin ará Goro, Òṣoògùn ni a bí Samuel Àjàyí Crowther sí. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun òyìnbó gbà á sílẹ̀ ní 1822. Ó ṣèrìbọmi ní 1825, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ó sì sùn nínú Olúwa ní 1891. Odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884.

Òun àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ ọ́ kò fi ohun kan pamọ́ fún wa. Ìwé Jáṣérì ń bẹ nínú Jóṣúà 10:13, ọ̀rọ̀ Énọ́kù nínú Júúdà 14, ti Aratus akéwì Gíríìkì nínú Ìṣe 17:28.

Ẹ má bá ara yín jà nítorí ìwé wọ̀nyí. Ẹni tó kà wọ́n kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kó má sọ wọ́n di Bíbélì. Àmín.