Thomas Wakley, Oníṣègùn Tí Ó Gba Ẹjọ́ Òkú Rò

Bí ènìyàn bá kú ikú òjijì, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé, kí ni ó pa á? Ìbéèrè yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lé ọwọ́ kọ́rónà, oyè tí ó ti wà láti ọdún 1194. Ṣùgbọ́n fún ìgbà pípẹ́, àwọn agbẹjọ́rò ni ó sábà ń jẹ oyè náà, wọn kò sì ní ìmọ̀ tí a fi ń yẹ òkú wò. Wakley ni ó jà títí tí oníṣègùn fi dé orí ìjókòó yẹn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ní Membury, ní ilẹ̀ Devon, ni a bí i sí ní 1795. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ apoògùn, ó sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́-abẹ ní London ní 1817. Ní 1820 àwọn ọkùnrin kan lù ú, wọ́n sì dáná sun ilé rẹ̀; ilé-iṣẹ́ adójútòfò kọ̀ láti san owó, ó pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì borí. Ní 1823 ó dá ìwé ìròyìn The Lancet sílẹ̀, ó sì fi ń tú àṣírí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn tí ń pín iṣẹ́ fún ìbátan wọn. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ léraléra, kò dákẹ́. Láti 1835 títí di 1852 ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ní 1830 ó du oyè kọ́rónà, ó fìdí rẹmi. Ní 1839 wọ́n dìbò yàn án fún Ìwọ̀-oòrùn Middlesex. Láti ìgbà náà ni ikú akúṣẹ̀ẹ́ ti di ohun tí a ń béèrè.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù ṣẹlẹ̀ ní Hounslow ní 1846. Ọmọ-ogun kan, Frederick John White, fi irin lu ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó mutí yó. Wọ́n dájọ́ 150 ẹgba fún un. Ní ọjọ́ 15 oṣù Okúdù ni àwọn tí ń kan bàtà fún ẹṣin gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n nà án ní pàṣán onírù mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ 11 oṣù Agẹmọ ó kú. Àwọn oníṣègùn ológun kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn inú àyà ni ó pa á, pé ẹgba kò mọ́ ọn rárá. Bí kì í bá ṣe àlùfáà ìjọ Heston tí kò gbà kí a sin ín kí kọ́rónà tó gbọ́, ilẹ̀ ìbá ti bo ọ̀rọ̀ náà. Wakley pe àwọn ará ìlú jọ, ó mú wọn búra, ó sì ní kí Erasmus Wilson, ọ̀mọ̀ràn nípa awọ ara, yẹ ẹ̀yìn òkú náà wò. Wilson rí i pé ẹran abẹ́ awọ tí ó sún mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ti bàjẹ́. Ìdájọ́ àwọn tí ó búra ni pé nínà ni ó pa White.

 Ṣé ẹ rí i, wíwí ohun tí ó pa òkú ní gbangba ni agbára kọ́rónà. Ní ọdún kan náà ni àwọn olórí ogun dín iye ẹgba kù sí 50.

Wakley kú ní erékùṣù Madeira ní 1862. Ní 1881 ni òfin fi òpin sí nína ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gba. Fún àwọn ọmọ-ogun adúláwọ̀ tí wọ́n jà lábẹ́ àsíá kan náà, títí kan àwọn tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó di 1946.