Ladi Kwali: Ọ̀gá Amọ̀kòkò Tó Tún Lọ Kọ́ṣẹ́

Ẹ yọ ogún náírà kan lápò, kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Màmá tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ yẹn, Ladi Kwali lorúkọ wọn. Ọmọ Gbagyi ni wọ́n, àwọn tó ni ilẹ̀ Gwarinpa tí a ń gbé yìí.

Kwali ni wọ́n bí wọn sí, ní nǹkan bí ọdún 1925. Ọwọ́ àǹtí wọn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Wọ́n á fọwọ́ yí amọ̀ gbọọrọ, wọ́n á tò ó léra, wọ́n á wá ya aláǹgbá àti ejò sí i lára. Ìkòkò wọn dé ààfin Emir Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja òní. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, ti rí i.

Cardew dá ilé ìkọ́ṣẹ́ sílẹ̀ ní Suleja. Ní 1954, màmá wọlé síbẹ̀, obìnrin àkọ́kọ́. Ọ̀gá ti ni wọ́n o, síbẹ̀ wọ́n tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ìkòkò kó máa dán, àti bí wọ́n ṣe ń sun ún nínú iná tó gbóná gan-an. Ṣùgbọ́n wọn ò ju iṣẹ́ ọwọ́ àǹtí wọn nù. Òun ló gbé wọn dé London àti Amẹ́ríkà. Yunifásítì Ahmadu Bello fún wọn ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977. Wọ́n kú ní 1984.

Ẹ̀yin télọ̀, káfíńtà àti wẹ́dà wa, ẹ̀rọ tuntun ti dé, ojú ń tì yín láti lọ kọ́ ọ torí pé wọ́n ti ń pè yín lọ́gàá. Èmi tí mò ń tajà náà wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ kọ́ ọ.