Pierre Budin, Oníṣègùn Àwọn Ọmọ tí Oṣù Wọn Kò Pé

Láyé àtijọ́, bí a bá bí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ojú àlejò tí yóò padà lọ ni a fi ń wò ó. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Paris, nílẹ̀ Faransé, ọ̀pọ̀ oníṣègùn pàápàá kì í ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí yóò dúró. Ẹni tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa yìí wà lára àwọn tí ó yí èrò náà padà.

A bí Pierre Budin ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ọdún 1846, ní abúlé Enencourt-le-Sec. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Paris, ó sì di ọmọ ẹ̀yìn Stéphane Tarnier, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Tarnier ni ó rí àpótí tí a fi ń mú ẹyin adìyẹ gbóná títí yóò fi pa, tí ó sì ní kí a ṣe irú rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1880 ni a gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí Maternité. Kí ó tó dé, nínú 100 ọmọ tí kò tó kìlógíráàmù 2, 66 ni ó ń kú. Lẹ́yìn rẹ̀, iye náà wálẹ̀ sí 38.

Budin rí i pé ooru nìkan kò tó. Ọmọ tí ó bọ́ lọ́wọ́ òtútù lè kú nítorí àìrí oúnjẹ. Èyí tí ó sì rí oúnjẹ lè kú nítorí àrùn tí ó kó lára ẹlòmíràn. Ó rí i pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí láyọ̀ ní ilé ìwòsàn ni ó ń kú bí wọ́n bá délé. Nítorí náà, ní ọdún 1892, ó ní kí àwọn ìyá máa gbé ọmọ wọn padà wá sí ilé ìwòsàn Charité lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ń wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, a sì ń gba ìyá níyànjú pé kí ó fún un ní ọmú. Ẹni tí omi ọmú rẹ̀ kò tó ni a ń fún ní wàrà tí a ti sè kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú.

Ní ọdún 1895, a fi í ṣe olórí ní Maternité, níbi tí Madame Henry, olórí àwọn agbẹ̀bí, ti dá ibùgbé kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ aláìlera. Ohun mẹ́ta ni Budin dì mú níbẹ̀: ooru, omi ọmú, àti yíya ọmọ tí ara rẹ̀ dá sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ èyí tí ó ń ṣàìsàn. Ó kó ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ sínú ìwé Le Nourrisson ní ọdún 1900. Ó kú ní Marseille ní ọjọ́ 22 oṣù Kìíní, ọdún 1907.

Kí ni ó kàn wá nínú ìtàn yìí? Àìsàn kan wà tí a ń pè ní bronchiolitis, tí ó máa ń mú ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 2. Bí ọ̀fìnkìn ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ihò tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀fóró yóò wú, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò dí i, tí èémí yóò sì nira. Ọdún 1956 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò tí ó sábà ń fà á, ọdún 49 lẹ́yìn ikú Budin. Síbẹ̀, àwọn ọmọ tí ó tọ́jú gan-an ni àìsàn yìí ń bá jà jù: ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ọmọ tí kò tí ì pé oṣù 3, èyí tí kò rí ọmú mu. Ẹ fi kún wọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àrùn ọkàn, èyí tí èéfín sìgá tàbí èéfín ààrò ń bò, àti èyí tí ó ń gbé inú yàrá tí ènìyàn pọ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ ní ọmú. Ẹ gbé e jìnnà sí èéfín. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́, ìbáà ṣe ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, kí ó má ṣe gbé e mọ́ra. Bí àyà ọmọ bá ń fà wọnú nígbà tí ó ń mí, tàbí tí ó kọ ọmú, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ọmọ tí a ń pè ní àlejò lè di onílé bí a bá tọ́jú rẹ̀.