Ọlálọ́mí Ọlọ́fàgangan, Ọdẹ tí Ó Tẹ Ọ̀fà Dó

Ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Láyé ìgbà tí èrò ń kún ibùdókọ̀ ojú irin Dùgbẹ̀ fọ́fọ́, Ọ̀fà wà lára àwọn ìlú tí wọ́n máa ń sọ̀kalẹ̀ sí lójú ọ̀nà Òkè Ọya. Àwọn tí ó mọ̀ nínú wọn pé ọwọ́ ọdẹ atamátàsé ni orúkọ ìlú náà ti wá lè má pọ̀.

Ọlálọ́mí ni ọdẹ náà. Ìtàn àbáláyé fi yé wa pé ọmọ ọba Ọ̀yọ́ ni, láti ìran Ọ̀rànmíyàn. Síbẹ̀, ọrun àti ọfà ni ó sọ ọ́ di olókìkí, tí a fi ń pè é ní Ọlọ́fàgangan, ẹni tí ó ni ọfà ní tòótọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ èdè kíyè sí orúkọ yìí. Ohùn àárín ni ó bẹ̀rẹ̀ ọfà tí à ń ta, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti Ọ̀fà tí í ṣe ìlú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi "oní" ṣáájú èyíkéyìí nínú méjèèjì, Ọlọ́fà náà ni yóò jáde. Oyè ọba ìlú náà kò ya ọba nípa sí ọdẹ.

Ìbọn kò tíì dé ilẹ̀ Yorùbá nígbà ayé Ọlálọ́mí. Ẹni tí yóò fi ọfà pa agbọ̀nrín ní láti sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, kí ó sì dojú kọ afẹ́fẹ́, nítorí imú ẹranko yìí mú bí etí rẹ̀. Òjò a máa ran ọdẹ lọ́wọ́: ewé tútù kì í dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ìró òjò a sì bo ìrìn mọ́lẹ̀. Òjò kan náà ni ọ̀tá rẹ̀. Ọsán ọrun tí a fi awọ ṣe a máa dẹ̀ bí omi bá rin ín. Bí ọfà bá sì ba ẹran, tí ẹran sá, òjò a fọ ẹ̀jẹ̀ tí ọdẹ ìbá tọ̀ kúrò lórí koríko. Ẹran a kú sínú igbó, a sì jẹrà lásán. Nítorí náà, ọdẹ inú òjò kì í ta ọfà tí kò dá a lójú. Irú iṣẹ́ báyìí ni "gangan" inú orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Ó fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ó tẹ Ọ̀fà dó. Ìlú náà ṣípò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó fìdí múlẹ̀ síbi tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Ọmọ Ọlálọ́mí ni a sì ń ki ọmọ bíbí Ọ̀fà, ìbáà jẹ́ ẹni tí kò fọwọ́ kan ọrun rí.