Ẹfúnróyè Tinúbú, Alájàpá Tó Di Ìyálóde

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu àwọn baba wa kí èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó dé ilẹ̀ yìí: alájàpá. Ẹni tó ń ra ọjà níbi tó ti pọ̀, tó ń gbé e la igbó kọjá odò lọ síbi tó ti wọ́n, tó sì ń jẹ èrè tó wà láàrin iye méjèèjì, òun ni alájàpá. Bí ọ̀nà bá dára, ó jèrè. Bí olè tàbí ogun bá dá a lọ́nà, òun ló gbé òfò. Lónìí, àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní olùdásílẹ̀ òwò, wọ́n sì ń kọ ìwé ńláńlá nípa ipa tó ń kó nínú ọrọ̀ ajé. Ní tiwa, a rò pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí alájàpá lè ṣe fún ìlú, àti ohun tó lè fi ojú ìlú rí, kó wo ìgbésí ayé Ẹfúnróyè Tinúbú.

Kí á sọ òótọ́, kì í ṣe gbogbo wa ló fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wọ ojú ewé yìí. Àwọn kan nínú wa ní ọmọ Ẹ̀gbá ni, ẹ jẹ́ kí Abẹ́òkúta àti Èkó máa yìn ín, kí ló kan Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ níbẹ̀? Àwọn mìíràn ní ẹni tó ta ènìyàn kì í ṣe ẹni tí à ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ kà. Ìdáhùn wa sí ti àkọ́kọ́ rọrùn. Àgbádárìgì tí Tinúbú ti di olówó àti Àjàṣẹ́ tiwa wà lójú omi ọ̀sà kan náà. Ọlọ́kọ̀ tó ná ọjà ọ̀kan lè ná ọjà èkejì, àwọn Ègùn Àgbádárìgì sì jẹ́ ìbátan àwọn Ègùn Àjàṣẹ́. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì wá fà lẹ́yìn náà kò tíì sí nígbà yẹn. Ní ti ìbéèrè kejì, ìyókù ìtàn yìí ni a ní láti fi dáhùn.

A bí Tinúbú ní nǹkan bí ọdún 1810 ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá ṣì wà káàkiri ìlú wọn nínú igbó, kí ogun tó tú wọn ká tí wọ́n fi wá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ló ti kọ́ ọjà títà, láti orí ewé, egbò àti èèpo igi. Ẹ má fojú kékeré wo ẹ̀kọ́ yìí o. Ẹni tó ń ta ewé àti egbò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí oníbàárà ń wá kí oníbàárà tó là á lẹ́nu. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ṣe é tà láwìn fún, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dín owó kí ọjà tó gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó lọ́kọ, ó bí ọmọkùnrin méjì, ọkọ náà sì kú. Ní nǹkan bí 1833, Adélé, ọba Èkó tí wọ́n ti lé kúrò lórí oyè tó sì ń gbé Àgbádárìgì, bẹ Abẹ́òkúta wò. Ó rí opó ọ̀dọ́ yìí, ó sì fẹ́ ẹ. Tinúbú kó àwọn ọmọ rẹ̀ dání, ó bá a lọ sí etíkun. Àwọn ọmọ méjèèjì kú síbẹ̀. Ibà ni wọ́n ní ó pa wọ́n. Kò sí ọmọ mìíràn tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Àgbádárìgì yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ òwò tábà àti iyọ̀. Tábà tí à ń wí ni èyí tí wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí ọkọ̀ òkun ń kó wá láti Bahia ní ilẹ̀ Brazil. Iyọ̀ kò ṣòro rí létí òkun, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ ni owó rẹ̀ ń lé sí i. Abẹ́òkúta ṣẹ̀ṣẹ̀ dó nígbà náà, èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ iyọ̀, wọ́n ń fẹ́ aṣọ, wọ́n sì ń fẹ́ ìbọn nítorí ọ̀tá yí wọn ká. Wọ́n ní epo láti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tí tọ̀tún tòsì lè fọkàn tán ni kò sí láàrin. Tinúbú jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá, ó sì jẹ́ ìyàwó ọba létíkun. Ó mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lókè, ó mọ bí wọ́n ti ń dúnàá-dúrà nísàlẹ̀.

Àwìn ni ó gbé gbogbo òwò yìí ró, ó sì yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná, ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe ẹyọ 20,000, sì jẹ́ ẹrù odidi alárù kan. Ta ni yóò máa fi irú owó bẹ́ẹ̀ rìn láti etíkun dé òkè? Nítorí náà, òyìnbó tó ní ọjà á kó o lé oníṣòwò ńlá lọ́wọ́ láìgba owó. Oníṣòwò ńlá á pín in fún àwọn alájàpá kéékèèké, àwọn náà á gbé e lọ sí ọjà òkè, epo á sì máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Kò sí bánkì nínú ètò yìí, kò sì sí ilé ẹjọ́ kan tí àṣẹ rẹ̀ dé ìlú gbogbo. Orúkọ ẹni ni onígbọ̀wọ́ ẹni. Bí alájàpá kan bá sá lọ ní òkè, ẹni tó wà láàrin ni gbèsè náà máa wá bá nílé. Iṣẹ́ tí Tinúbú ń ṣe gan-an nìyẹn: ó ń gbé ewu tí àwọn tó kù kò fẹ́ gbé.

Adélé padà sórí oyè ní Èkó ní 1835, ó sì kú ní 1837. Tinúbú ò fi òwò sílẹ̀. Ó fẹ́ Yésúfù Bádà, jagunjagun kan láàfin Èkó, ọ̀nà ọjà rẹ̀ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá sì túbọ̀ là sí i. Nígbà tí Akítóyè jọba ní 1841, ojúrere ọba bá a. Ní 1845 Kòsọ́kọ́ gba oyè lọ́wọ́ Akítóyè, gbogbo àwọn tí ń bá Akítóyè ṣe sì sá. Bẹ́ẹ̀ ni Tinúbú ṣe tún bá ara rẹ̀ ní Àgbádárìgì, ibi tó ti kọ́kọ́ rí owó, tó sì sin ọmọ rẹ̀ sí.

Oníṣòwò mìíràn ì bá wá ojúrere ọba tuntun kiri. Tinúbú fi owó àti ẹnu rẹ̀ ti Akítóyè lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní oṣù kẹfà 1851 àwọn ènìyàn Akítóyè àti àwọn alátìlẹ́yìn Kòsọ́kọ́ jà ní Àgbádárìgì fúnra rẹ̀, iná sì jó púpọ̀ nínú ìlú náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, Akítóyè padà wọlé. Tinúbú bá a wọlé, ipò rẹ̀ láàfin sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wàyí o, ohun tí à ń sá fún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852, Akítóyè tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì pé òwò ẹrú ti dópin ní Èkó. Ṣáájú ọjọ́ náà, Tinúbú ti ń ta ènìyàn fún àwọn Potogí àti àwọn ará Brazil, àwọn ìwé ìgbà náà sì fẹ̀sùn kàn án pé kò fi òwò náà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nínú àwọn tó bá dòwò pọ̀ ni Domingo Martinez, ará Brazil tí ilé òwò rẹ̀ wà ní Àjàṣẹ́. Ìtàn kan wà tí àwọn òpìtàn kọ sílẹ̀, pé nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ẹrú ogún dà wọ́n pọ̀, Tinúbú ránṣẹ́ sí i pé òun yóò kúkú rì wọ́n sómi ju kí òun ta wọ́n ní iye tó fẹ́ san. A ò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú àwọn ogún náà.

A ronú púpọ̀ kí á tó fi èyí sílẹ̀ nínú ìtàn. Ìdí tí a fi fi í sílẹ̀ ni pé òwò kan náà ni. Ọgbọ́n tó fi mọ ibi tí iyọ̀ ti wọ́n ló fi mọ ibi tí ènìyàn ti wọ́n. Onígbọ̀wọ́ kan náà, ọlọ́kọ̀ kan náà, àwìn kan náà. Èrò tó ń ti ilẹ̀ wa lọ ní ojú omi ọ̀sà yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olórìṣà ní Bahia ṣì fi ń jẹ́ orúkọ Kétu títí dòní. Bí a bá ń yin alájàpá pé ó so ilẹ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀, ó yẹ kí á rántí pé àwọn baba ńlá wa kan wà lára ẹrù tó gbé.

Epo pupa ló wá gba ipò ẹrú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń wá a fún ọṣẹ, fún àbẹ́là àti fún ẹ̀rọ. Tinúbú tètè mọ̀ pé ibẹ̀ ni owó ń lọ, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn tí epo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń gba ọwọ́ wọn dé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ayé Èkó ti yí padà. Akítóyè kú ní 1853, ọmọ rẹ̀ Dòsùnmú jọba, Benjamin Campbell sì dé gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Sàró láti Freetown àti àwọn Àgùdà láti Brazil ń wọlé, wọ́n mọ̀wé, wọ́n lè bá òyìnbó sọ̀rọ̀ ní tààrà, wọn ò sì nílò ẹni àárín. Tinúbú rí i pé wọ́n ń gba oúnjẹ òun lẹ́nu, ó sì ń gba ọba níyànjú láti lé wọn. Campbell ní tirẹ̀ ní obìnrin yìí jẹ gbèsè àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń pàṣẹ lórí ọba. Kí ẹ rántí pé ẹni tó ń bá a jà ló kọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lákòókò yìí. Bó ti wù kó rí, ní 1856 Campbell mú kí Dòsùnmú lé e kúrò ní Èkó.

Ó padà sí Abẹ́òkúta, ó ti lé lógójì ọdún, ẹ̀ẹ̀kejì sì rèé tí ìṣèlú Èkó máa lé e nílé. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Epo, òwú, ìbọn àti ẹ̀tù ló ń tà lọ́tẹ̀ yìí. Ìbọn ni ọjà tó gbà á lọ́kàn jù, ìdí rẹ̀ ò sì jìnnà. Gẹ̀zò ọba Dàhọ̀mì ti gbógun wá sí Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta 1851, ó sì kùnà. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ padà. Nígbà tí Glèlè ọmọ rẹ̀ sì dé ẹ̀yìn odi ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù Kẹta 1864 pẹ̀lú àwọn obìnrin ológun rẹ̀, Tinúbú ti wà nínú àwọn tó fi ìbọn àti ẹ̀tù ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá. Dàhọ̀mì ṣubú níbi odi náà, òkú wọn pọ̀. Ọdún yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá fi í jẹ Ìyálóde.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kan àwa gan-an. Dàhọ̀mì tí kò rí Abẹ́òkúta gbé mì kò fi ìlú tiwa sílẹ̀. Ní 1883 wọ́n kọ lu Kétu nígbà tí ọ̀pọ̀ jagunjagun ìlú kò sí nílé. Ní 1886 wọ́n padà wá, wọ́n dó ti ìlú, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú tó kù lọ sí Agbómẹ. Ó di ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhọ̀mì kí àwọn ọmọ Kétu tó rí ọ̀nà padà wá tún ìlú wọn kọ́. Nígbà tí à ń jiyàn lórí Tinúbú, ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa bi wá léèrè bóyá Kétu ní irú obìnrin yẹn lọ́dún 1886, ẹni tó lè wá ìbọn láwìn nígbà tí odi ṣì dúró. A dákẹ́ títí. Ẹlòmíràn nínú wa sì ní ìbọn tí irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ ń tà létíkun náà ló wà lọ́wọ́ Dàhọ̀mì. Òótọ́ ni méjèèjì, a ò sì tíì parí àríyànjiyàn náà.

Tinúbú kú ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1887, nígbà tí Kétu ṣì wà ní ahoro. Wọ́n sin ín sí Òjòkodò ní ìlú náà. Ní Èkó tí wọ́n ti lé e, ojúde ńlá kan wà láàrin ìlú tó ń jẹ́ Ìta Tinúbú.