Dick Lane: ọmọ tí wọ́n jù sínú ìdọ̀tí tó di Rélùwéè Òru

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka ojú ewé yìí ní Jonesboro níbí, iṣẹ́ òru ni ẹ ti ń bọ̀. Èmi náà rèé. Ilé ìkẹ́rùsí kan tí kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Atlanta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí àwọn ẹlòmíràn bá ń jí ni èmi máa ń gba Tara Boulevard bọ̀ wá sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, mo wọlé, mo bá fọ́ọ̀mù kan lórí tábìlì. Ọmọkùnrin wa ló fi síbẹ̀. Wọ́n ti mú un ní ilé ìwé rẹ̀ pé kó wá gbá bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà, èyí tó rí ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì, tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sáré. Òbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Ọkọ mi ti rí i kí n tó dé. Ó ní òun ò buwọ́ lu nǹkan kan, pé ìwé la mú ọmọ wá kà, kì í ṣe kí wọ́n wá bá wa fọ́ ọ lórí.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín: èmi kọ́ ni mo bí ọmọ yìí. Àbúrò mi obìnrin, tó ti di olóògbé, ló bí i. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mọ́mì ló ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Síbẹ̀, kò sí ọdún tí ẹnìkan kì í bi mí lóde àríyá bóyá ọmọ mi gan-an ni. Nígbà tí mo bi í pé ipò wo ni wọ́n fi í sí, ó ní cornerback. Ó ní bí mo bá fẹ́ mọ ohun tí cornerback ń ṣe, kí n lọ ka ìtàn Dick Lane. Mo lọ kà á. Ẹ̀yin òbí bíi tèmi, ẹ jókòó kí n sọ ohun tí mo rí.

Ìlú Austin ní ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n ti bí Richard Lane, ní oṣù kẹrin ọdún 1928 gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé ṣe kọ ọ́. Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, ìyá tó bí i kò sì rọ́nà tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ oṣù mẹ́ta, wọ́n jù ú sí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, wọ́n fi ìwé ìròyìn bò ó. Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tó dàgbà, opó kan tó ń jẹ́ Ella Lane ló ń kọjá lọ. Ó gbọ́ igbe, ó rò pé ológbò ni. Ó ṣí ìwé náà, ó bá ọmọ ènìyàn. Obìnrin yìí ní ọmọ tirẹ̀ tó ń bọ́, kò sì lówó lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ náà lọ sílé, ó fún un ní orúkọ tirẹ̀, ó sì tọ́ ọ dàgbà. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ti Dick Lane kò tiẹ̀ tó igba. Obìnrin kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má gbàgbé irú ìgbà tí à ń sọ. Ní Texas ayé ọjọ́un, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, ti àwọn aláwọ̀ funfun yàtọ̀. Ilé ìwé Anderson, ti àwọn ọmọ dúdú, ni Lane lọ. Ó ń dán bàtà fún àwọn èèyàn lójú títì Congress Avenue, ó sì ń palẹ̀ àwo mọ́ lórí tábìlì ní òtẹ́ẹ̀lì. Ibi tó ti ń ṣe gbogbo ìyẹn náà ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó kúrò nílé ìwé, ẹ wo ibi tó lọ. Ó lọ sí Scottsbluff ní ìpínlẹ̀ Nebraska, lọ́dọ̀ ìyá tó bí i. Wọ́n ti parí ìjà. Mo dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí mò ń kà á, nítorí kò rọrùn. Ó lo ọdún kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà níbẹ̀, ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ológun. Láti 1948 sí 1952 ló fi ṣe sójà, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fort Ord, ní California.

Ó jáde ní sójà, ó wá iṣẹ́ lọ sí Los Angeles. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú gbà á. Ó rò pé iṣẹ́ títo fáìlì ní ọ́fíìsì ni wọ́n gba òun sí. Ó débẹ̀, ó bá a pé páànù ńláńlá tí ọ́ìlì ń kán lára rẹ̀ ni òun yóò máa gbé. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣèlérí iṣẹ́ ọ́fíìsì fún kí ẹ tó wọ bàálù, tí ẹ wá bá ara yín nídìí páálí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Bọ́ọ̀sì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba iwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Rams kọjá. Lọ́jọ́ kan ní 1952, ó bọ́ sílẹ̀. Ó mú ìwé kan dání, tó ti lẹ àwọn ìròyìn nípa bọ́ọ̀lù tó gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àti ní sójà mọ́. Kò ní alágbàwí, kò ka yunifásítì kankan tán, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó wọlé, ó ní òun fẹ́ kí wọ́n dán òun wò. Kóòṣì Joe Stydahar yẹ ìwé náà wò, ó sì gbà á.

Àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mú ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí láàárín, ṣùgbọ́n àwọn ògbólógbòó ti kún ibẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Tom Fears. Gbogbo èdè àti àmì tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà ṣòro fún Lane, ó wá ń lọ sí yàrá Fears kó lè kọ́ ọ. Fears fẹ́ràn àwo orin kan tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Night Train, òun ló máa ń gbé sí i ní gbogbo ìgbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ Lane ní Night Train, Rélùwéè Òru. Orúkọ náà kò kọ́kọ́ dùn mọ́ ọn, àfi ìgbà tó dá ẹlẹ́sẹ̀ ehoro kan tó ń jẹ́ Charlie Justice dúró lórí pápá, tí wọ́n sì ń fi Choo-Choo pe ìyẹn, tíí ṣe ìró rélùwéè. Ìwé ìròyìn wá gbé e pé rélùwéè kan ti ti rélùwéè kejì kúrò lójú irin. Láti ọjọ́ náà ló ti gba orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí ibi ìgbabọ́ọ̀lù kò gbà á, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn, sí cornerback. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọmọ mi ṣe ṣàlàyé fún mi. Ẹgbẹ́ kejì ní ọkùnrin kan tó ń sá bí ìgalà, tí wọ́n fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí lókèèrè. Cornerback ni ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n yàn tì í. Kò mọ ibi tí ọkùnrin náà ń lọ, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó sá mọ́ òun lọ́wọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá dé, kí ó gbá a dànù. Bó bá mọ iṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, á já a gbà lójú òfuurufú, bọ́ọ̀lù á di ti ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ọgbọ́n Lane ni pé ó máa ń fà sẹ́yìn díẹ̀, bíi pé ó ti sùn lọ. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù á rò pé ọ̀nà ti là. Kó tó mọ̀, Lane ti fò dé.

Lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, 1952, ó já bọ́ọ̀lù 14 gbà nínú ìdíje 12 péré. Ẹ gbọ́ o: láti 2021, ìdíje 17 ni wọ́n ń gbá lọ́dún kan, síbẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó kọjá 14 náà. Lester Hayes ti Oakland dé 13 lọ́dún 1980, ibẹ̀ ló dúró sí. Ẹni tó ń gbé páànù ọlọ́ìlì ní oṣù díẹ̀ ṣáájú ló ṣe é.

Rams gbé e fún Cardinals ti Chicago ní 1954, ó já 10 gbà lọ́dún náà. Ní 1960, ó lọ sí Detroit Lions, ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù dópin ní 1965. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 68. Ènìyàn mẹ́ta péré ló jù ú lọ nínú ìtàn NFL. Àwọn ọdún náà kò sì rọrùn fún aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ Washington kò ní agbábọ́ọ̀lù dúdú kan ṣoṣo títí di 1962. Falcons ti Atlanta wa níbí kò tíì sí nígbà náà, ọdún 1966 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ará Atlanta kò rí Lane kó gbá bọ́ọ̀lù dojú kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wà níbí láyé Deion Sanders, tó bẹ̀rẹ̀ ní Falcons ní 1989, ẹ ti rí irú iṣẹ́ tí Lane fi lélẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára láti fara wé. Lane máa ń fi apá kọ́ ènìyàn lọ́rùn, ó máa ń kọ lu orí, ẹni tó bá gbá lulẹ̀ kì í tètè dìde. Wọ́n sọ ọ́ ní táì ọrùn Night Train. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fòfin de irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé ìkọlù orí léraléra máa ń ba ọpọlọ jẹ́. Ní 2015, ilé ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé kí NFL sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ tó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi kì í ṣe àsọdùn.

Ayé náà kò sì yọ Lane sílẹ̀. Ní oṣù keje 1963, ó fẹ́ Dinah Washington, olórin tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Oṣù kejìlá ọdún náà kò tíì parí tí ó fi jí láàárọ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ ní òkú. Oògùn orun tó lò ló pọ̀ jù. Ọmọ ọdún 39 ni. Ọdún méjì sí i ni Lane tún fi gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ṣe kóòṣì ní yunifásítì Southern ní Louisiana àti Central State ní Ohio, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú méjèèjì. Ẹgbẹ́ ńlá kankan ní NFL kò fi í ṣe kóòṣì. Ọdún 1989 ni Art Shell tó di olórí kóòṣì, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láyé òde òní. Wọ́n gbé orúkọ Lane sí Hall of Fame ní Canton ní 1974. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba iṣẹ́ tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù nínú ìtàn rẹ̀: ó di olórí ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí àwọn ọlọ́pàá Detroit dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ọdún 17 ló lò níbẹ̀, títí di 1992. Ọmọ tí wọ́n jù sílẹ̀ lọ ń kó ọmọ jọ. Ó padà sí Austin, ibẹ̀ ni àìsàn ọkàn ti pa á ní oṣù kìn-ín-ní 2002. Ní 2019, nígbà tí NFL pé 100 ọdún, wọ́n kà á mọ́ àwọn tó dára jù lọ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọkọ mi lórí ẹ̀kọ àti àkàrà ní ọjọ́ Sátidé. Kò fèsì kíá. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá Ella Lane mọ̀ pé ọmọ náà yóò di ẹni ńlá. Mo ní kò lè mọ̀. Ológbò ló kọ́kọ́ rò pé ó ń gbọ́. Ó mi orí, ó ní kí n gbé fọ́ọ̀mù náà wá.

Ẹ má rò pé a kàn buwọ́ lù ú bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta la là sílẹ̀ fún ọmọ náà. Dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí máàkì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù parí. Bí orí rẹ̀ bá kọ lu nǹkan, ọjọ́ náà ni yóò sọ ọ́, kò gbọdọ̀ ṣe akin pa á mọ́ra. Ó gbà. A kò sì rán an lọ torí owó, nítorí nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí, ìwọ̀nba péré ló ń dé NFL.

Ẹ̀yin òbí, bóyá ẹ̀yin ò ní buwọ́ lù ú, mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò, ọmọ ọ̀rẹ́ tó ti kú, nílẹ̀ àjèjì yìí, tí àwọn ènìyàn ń bi yín ní ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ẹnìkan bá tún bi mí lóde àríyá bóyá ọmọ mi gan-an ni, mo ti mọ ohun tí màá sọ. Màá ní tèmi ni, kí wọ́n wá wò ó ní pápá lọ́jọ́ Fúráídè.