Friedrich Froebel, Ẹni tí ó Fi Orin àti Eré Kọ́ Àwọn Ọmọdé

Bí a bá rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú nínú agbo, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ohun tí orin náà wí, a máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òtítọ́ ni pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni àwọn ìyá ti ń kọrin fún ọmọ. Ṣùgbọ́n pé kí olùkọ́ mú orin àti eré wọ ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì kà wọ́n sí iṣẹ́ gidi, èyí kò ṣẹlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin kan ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ là ọ̀nà náà. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìjọba ńlá kan sì fi òfin de iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó kú. Orúkọ rẹ̀ ni Friedrich Froebel, ará ilẹ̀ Jámánì. Ó yẹ kí àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ ìtàn rẹ̀.

A bí Froebel ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1782, ní abúlé Oberweissbach, láàrin òkè àti igbó ilẹ̀ Thuringia. Àlùfáà ìjọ Luther ni baba rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọ sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ráyè gbọ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ọmọ náà tó pé ọdún kan ni ìyá rẹ̀ kú. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn; ṣùgbọ́n láti kékeré ni Froebel ti dá egbò tirẹ̀. Ìyàwó tí baba rẹ̀ tún fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ojú rere sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí òun náà bí ọmọ, ó yí ojú kúrò lára ọmọ tí ó bá nílé. Ọmọ náà a sì máa dá wà nínú ọgbà ilé baba rẹ̀, a máa wo òdòdó àti kòkòrò, láìrí ẹni bá a ṣeré. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 10 ni arákùnrin ìyá rẹ̀ mú un lọ sí ìlú Stadtilm. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìfẹ́, tí ó sì rí ẹgbẹ́ tí yóò bá sáré. Kò gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ilé méjèèjì.

Ó pẹ́ kí ó tó mọ iṣẹ́ tí a dá a sáyé láti ṣe. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, wọ́n fi í sí ọ̀dọ̀ olùtọ́jú igbó kan láti kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1799 ó wọ Yunifásítì Jena. Ṣùgbọ́n owó kò tó, ó jẹ gbèsè, wọ́n sì fi í sí ẹ̀wọ̀n fún ọ̀sẹ̀ 9. Lẹ́yìn èyí ó ṣe akọ̀wé, ó sì ṣe iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Ní ọdún 1805 ó lọ sí Frankfurt láti kọ́ bí a ti ń ya àwòrán ilé kíkọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀, Gruner, ni ó ṣàkíyèsí ẹ̀bùn olùkọ́ lára rẹ̀, tí ó sì fún un ní kíláàsì kan. Nígbà tí ó dúró níwájú àwọn ọmọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀: ó ti dé ibi tí ó ń wá.

Ní ọdún kan náà ó lọ wo Pestalozzi, olùkọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Yverdon ní ilẹ̀ Switzerland. Ó tún padà síbẹ̀ ní ọdún 1808, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1810. Ó kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ pé kò tọ́ kí ọmọ há ọ̀rọ̀ sórí kí ó tó fi ojú rí nǹkan, kí ó sì fi ọwọ́ kàn án. Ó tún rí bí eré àwọn ọmọ ní gbangba ti ń fún ara àti ìwà wọn ní agbára. Ní ọdún 1813 ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí ó dojú kọ Napoleon. Láàrin wọn ni ó ti bá Langethal àti Middendorff pàdé, àwọn méjì tí wọ́n di ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1813 yìí kan náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Christoph kú, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Nítorí àwọn ọmọ òrukàn wọ̀nyí ni Froebel ṣe dá ilé-ẹ̀kọ́ kékeré sílẹ̀ ní Griesheim ní ọdún 1816. Ní ọdún kejì ó kó o lọ sí abúlé Keilhau. Ní ọdún 1826 ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde, nípa ẹ̀kọ́ ènìyàn láti ìgbà ọmọ-ọwọ́. Nínú rẹ̀ ó kọ́ni pé eré ni iṣẹ́ tí ó ga jùlọ ní ìgbà èwe, nítorí pé nínú eré ni ọmọ ti ń mú ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Switzerland, wọ́n sì fi ilé àwọn ọmọ aláìníbaba sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní Burgdorf ní ọdún 1835. Ó ti wá hàn sí i gbangba pé púpọ̀ nínú ohun tí ó yẹ kí ọmọ gbà ti kọjá kí ó tó dé iwájú olùkọ́. Bí a kò bá tọ́jú ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, olùkọ́ ń mọ ilé sí orí ìpìlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi lélẹ̀.

Nítorí náà, ní ọdún 1837, nígbà tí ó di ẹni ọdún 55, ó padà sí Jámánì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin àwọn ọmọ kékeré ní ìlú Blankenburg. Ó ṣe àwọn ohun ìṣeré tí ó pè ní ẹ̀bùn. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí a fi òwú aláwọ̀ oríṣiríṣi hun, tí a so okùn mọ́, kí ìyá lè máa jù ú sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú orin. Lẹ́yìn wọn ni bọ́ọ̀lù igi, igi róbótó gígùn bí agolo, àti igi onígun bíi ṣúgà. Aya rẹ̀ Wilhelmine, ẹni tí ó bá a jìyà láti Keilhau, kú ní ọdún 1839. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni orúkọ tí ó ti ń wá sọ sí i lọ́kàn bí ó ti ń rìn lórí òkè pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀: ọgbà àwọn ọmọdé. Ó rí ọmọ bí irúgbìn, olùkọ́ sì bí olùtọ́jú ọgbà, ẹni tí kì í fa ewéko sókè kí ó lè tètè dàgbà.

Ní ọdún 1844 ó tẹ ìwé orin àwọn ìyá jáde. Robert Kohl ni ó ṣe ohùn orin, Friedrich Unger sì ya àwòrán. Eré tí àwọn ìyá ìgbèríko ń bá ọmọ wọn ṣe ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí ọmọ-ọwọ́ bá ń ta ẹsẹ̀, ìyá yóò fi àtẹ́lẹwọ́ dá ẹsẹ̀ náà dúró díẹ̀, yóò sì máa kọrin, kí ọmọ lè mọ agbára ara rẹ̀. Nínú orin mìíràn, ọwọ́ ọmọ di àkùkọ irin orí ilé tí afẹ́fẹ́ ń yí. Nínú òmíràn, apá rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ bí ọmọ agogo. Ìka rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja nínú odò. Ohun tí Froebel ń wá ni pé kí ojú, etí, ẹnu àti ọwọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ní àsìkò kan náà. Ọmọ tí ó ti fi apá rẹ̀ ṣe afẹ́fẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ohun tí ń mi igi tí a kò rí. Láti inú ara ni ìbéèrè náà ti dé inú ọkàn.

Fún àwọn tí ó ti ń rìn, ó ṣe eré agbo. Àwọn ọmọ yóò dúró ní òbìrìkítí bí ilé ẹyẹlé. Bí wọ́n bá gbé apá sókè, àwọn ẹyẹlé tí ó wà láàrin yóò fò jáde, wọn yóò sì padà wálé nígbà tí orin bá pè wọ́n. A lè rò pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ń gbé apá sókè ní àkókò orin ti kọ́ láti tẹ́tí. Ẹni tí ń dúró kí ó tó kan òun ti kọ́ sùúrù. Kò sì sí ẹni iwájú tàbí ẹni ẹ̀yìn nínú agbo. Àwa ọmọ Yorùbá tí a ti ṣeré òṣùpá rí kò ní rí èyí bí ohun àjèjì.

Ní ọdún 1849 ó lọ gbé ní Liebenstein, ìlú tí àwọn ọlọ́lá ń lọ wẹ̀ ní omi ìwòsàn. Àwọn ará ìlú a máa rí arúgbó onírun gígùn tí ń fò, tí ó sì ń jó pẹ̀lú àwọn ọmọ abúlé lórí òkè, wọ́n sì ń pè é ní arúgbó tí orí rẹ̀ kò pé. Ọlọ́lá obìnrin kan, Bertha von Marenholtz-Bülow, gbọ́ ẹ̀gàn yìí, ó sì lọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Ó bá agbo àwọn ọmọ tí inú wọn dùn tí wọ́n sì wà létòlétò, láìsí ẹgba. Láti ọjọ́ náà lọ ó di agbẹnusọ fún Froebel níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Froebel sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní iṣẹ́ náà, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà pé obìnrin lè ṣe olùkọ́ gidi.

Nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí tàn ni àjálù dé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1851, ìjọba Prussia fi òfin de gbogbo ọgbà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ rẹ̀. Rògbòdìyàn ọdún 1848 ṣì ń dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ yìí ń sọ ọmọ di ọ̀tá ìjọba àti aláìgbàgbọ́. Ìwé tí ó fa ìbínú wọn, Karl, ọmọ ẹ̀gbọ́n Froebel, ni ó kọ ọ́. Wọ́n da orúkọ méjèèjì pọ̀. Froebel ṣe àlàyé, ó sì bẹ ọba, ṣùgbọ́n wọn kò yí òfin náà padà. Ó dun ún púpọ̀ pé wọ́n pe òun ní aláìgbàgbọ́, òun tí ó gbà pé Ọlọ́run ni orísun ohun gbogbo. Síbẹ̀ Prussia kọ́ ni ó ń ṣe àkóso Marienthal tí ó ń gbé, kò sì dá iṣẹ́ dúró. Ó kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1852, ní ẹni ọdún 70, wọ́n sì sin ín sí Schweina. Lórí ibojì rẹ̀ ni wọ́n gbé àwòrán ohun ìṣeré rẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn.

Kò fi ojú rí i, ṣùgbọ́n ní ọdún 1860 Prussia mú òfin náà kúrò. Nígbà náà irúgbìn ti kọjá odi: ọgbà kan ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1851, Margarethe Schurz sì ti dá òmíràn sílẹ̀ ní Watertown ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1856. Ní ọdún 1873 Susan Blow ṣí ọ̀kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú St. Louis.

A kò ní sọ pé ohun gbogbo tí Froebel kọ ni ó rọrùn tàbí tí ó pé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa díjú. Ó sì rí ìtumọ̀ jíjinlẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àti igi tí ọmọdé kò lè rí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kan sọ eré rẹ̀ di òfin: gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbé igi kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí eré bá ti di àṣẹ, kì í ṣe eré mọ́, àwọn olùkọ́ tí ó dé lẹ́yìn wọn sì ṣe dáradára láti tú ìdè náà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó fi àwọn ọmọ kékeré lé àwa náà lọ́wọ́. Ó lè ti wa lójú láti fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú ọ̀gá àgbà tàbí àwọn òbí tí ó dúró lójú fèrèsé; a lè rò pé iyì olùkọ́ wà nínú ìjókòó jẹ́ẹ́ àti pátákó ìkọ̀wé nìkan. Ẹ jẹ́ kí a rántí arúgbó Liebenstein. Bí a bá wọ inú agbo pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí a mọ ìdí tí a fi wọ̀ ọ́: kí a yan orin tí ó bá ọjọ́ orí wọn mu, kí a jẹ́ kí ọmọ tí ojú ń tì wo eré títí yóò fi fẹ́ wọlé fúnra rẹ̀, kí a sì ṣọ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì bá ìlù mu, nítorí òun gan-an ni iṣẹ́ wa wà fún.